Ìwé Ìyọ̀ǹda fún Zagreb

Hațeg, ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní, 2003

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú ọdún tuntun, mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ìtọ́jú Ornella, ìyá arúgbó tí ẹ ń bá gbé. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ka ìkíni yìí tán kí ẹ tó máa béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ti jẹun. Ọbẹ̀ ẹ̀wà ni wọ́n fún wa lónìí, pẹ̀lú adìẹ sísè tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Dorel gbé ẹrù yín dé láti Ítálì láyọ̀. Ó dúró sí ẹnu géètì ibùdó wa, ó ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun wá. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo rí ọṣẹ, mo rí panettone ńlá inú páálí, àkàrà òyìnbó Kérésìmesì tiwọn níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ náà bá mi mu. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí, ẹ wá ibi jókòó sí. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Fehér, olùkọ́ eré kìtì wa, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Mogoș, ìdíje Yúróòpù, Zagreb, oṣù Karùn-ún. Fọ ẹfun ọwọ́ rẹ kí o tó lọ máa pariwo." Mo fọ ọwọ́ kan, mo sáré jáde, mo pariwo. Àwa mẹ́rin péré ló ń lọ láti gbogbo Ròmáníà, èmi ni wọ́n sì fẹ́ gbára lé lórí pákó. Ìyá, lórí pákó gíga yẹn, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo ti ń kọ́ ìbalẹ̀ tuntun: màá sáré lórí rẹ̀ láti ìdí pákó, màá fò sókè, màá ta kìtì méjì sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó kan tìmùtìmù. Nínú mẹ́wàá, mo ń rí mẹ́fà ṣe dáadáa.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọn ò sì ní jẹ́ kí n kọjá ẹnubodè láìsí ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí mi fọwọ́ sí níwájú aṣojú ìjọba. Ẹ ṣe é fún mi lọ́dún tó kọjá nígbà tí a lọ sí ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Mama Saveta ní òun ì bá fọwọ́ sí i fún mi, wọ́n ní ìyá bàbá kò lẹ́tọ̀ọ́, àfi ìyá tó bí mi. Àwọn tó ń darí eré wa ní Bucharest fẹ́ rí ìwé gbogbo wa lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Crina ló wà ní ipò tó tẹ̀ lé tèmi.

Ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ aṣojú ìjọba wa ní Milan lọ́sẹ̀ yìí. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn.

Ọmọ yín,
Tili


Brescia, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní, 2003

Tili ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń dé fìlà bí o bá ti làágùn tán? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣí fèrèsé méjèèjì nínú gbọ̀ngàn yẹn lẹ́ẹ̀kan náà? Atẹ́gùn tó ń gba àárín fèrèsé méjì kọjá ló ń ṣe ènìyàn léṣe, kì í ṣe òtútù. Ìyá Ornella máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́. Àwọn ará ibí ń jókòó sínú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún máa ṣe kàyéfì pé ọrùn ń dùn wọ́n.

Mo gbọ́ ìròyìn rẹ. Ọmọ ìlú Petrila, nínú mẹ́rin gbogbo Ròmáníà. Orí mi wú, mo ka ibẹ̀ sókè fún ìyá Ornella, ó pàtẹ́wọ́ fún ọ, ó tún béèrè orúkọ rẹ lọ́wọ́ mi.

Ní báyìí, jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Dorel ò lè pa ẹnu mọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní Gligor tó ń ṣọ́ géètì yín ló jẹ panettone mi, ó ní òun rí èérún rẹ̀ nínú irùnmú ọkùnrin náà. Mo tò lórí ìlà fún panettone yẹn, Otilia. Mo gbé e mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì bí ọmọ tuntun. Bí o kò bá fẹ́ jẹ ohun tí mo rà, kí lo fẹ́ kí n máa ṣe níbí?

Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó èyí tó kù. Mama Saveta kọ̀wé sí mi. Ó ní nígbà tí o wá sílé fún Kérésìmesì, ìdí lo fi ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ ọ̀tún sì wú bíi búrẹ́dì tó jáde nínú ààrò. Ó ní o mú òun búra pé òun ò ní sọ. Lórí tẹlifóònù, èmi lo sọ fún pé ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fìnkìn wo ló ń mú ọrùn ẹsẹ̀?

Nítorí náà, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Jẹ́ kí inú bí ọ. Bàbá rẹ wọ inú ihò èédú, kò jáde mọ́, ọdún márùn-ún ti kọjá mo ṣì ń gbọ́ fèrè ìpèsíṣẹ́ yẹn lójú oorun. Mo ti rán ẹnì kan wọ abẹ́ ilẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ ara mi rán èkejì sí òkè.

Wá sí Brescia. Ọmọ tí ìyá Ornella bí ní yàrá kékeré kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní òpópónà kejì. Wàá lọ kàwé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ, wàá máa jẹun yó, wàá sì máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì gun àtẹ̀gùn.

Ìyá rẹ,
Veturia


Hațeg, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì, 2003

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń fà á ya. Bí ẹ bá rí ìbínú nínú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù nìyẹn.

Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ mi yẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti san. Mo fi pamọ́ nítorí pé mo mọ ohun tí ẹ máa ṣe, ohun tí mo sì mọ̀ náà lẹ ṣe.

Ní ti panettone, gbogbo àárọ̀ la ń gun ìwọ̀n níbí. Ẹni tó bá fi ìgò omi kan wúwo ju ti àná lọ, orúnkún rẹ̀ ló máa sanwó rẹ̀ nígbà tó bá ń balẹ̀. Mo fún Gligor nítorí pé òun ló ń ṣí gbọ̀ngàn fún mi láàárọ̀ kùtùkùtù kí àwọn yòókù tó jí. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í nígbà tó ń jẹ ẹ́. Mo ní kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó máa sọ fún mi bó ṣe ń dùn. Ó ní àwọn èso gbígbẹ inú rẹ̀ ló dùn jù. Ẹ má sọ pé mi ò fẹ́ ohun tí ẹ rà.

Ẹ ní kí n wá sí Brescia. Ṣé ẹ bi mí léèrè nígbà tí ẹ̀yin ń lọ? Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ẹ mú mi dé géètì yìí pẹ̀lú àpò kan, ẹ ní oṣù mẹ́fà ni. Ó ti di ọdún kẹrin. Bàbá lọ, ẹ̀yin náà lọ, èmi nìkan ni mo dúró, pákó yìí sì ni mo dúró lé. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbí lẹ wá fẹ́ yọ ọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Mo ní kí ẹ fọwọ́ síwèé. Mi ò tíì ní kí ẹ padà wálé rí, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn.

Otilia


Hațeg, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2003

Ìyá mi,

Ẹ kú oṣù tuntun. Àná ni gbogbo wa so òwú pupa àti funfun mọ́ àyà fún ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé. Mo fi ọ̀kan sínú lẹ́tà yìí fún yín, mo fọwọ́ ara mi lọ́ ọ. Mo mọ̀ pé àwọn ará Brescia kì í so ó. Ẹ so ó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Dorel dé láàárọ̀ yìí, kò sí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín. Mo ní kó tún inú ọkọ̀ wò. Ó tú gbogbo àpò, títí kan èyí tó kún fún wàràkàṣì ẹlòmíràn. Ó ní ẹ kàn wá bá òun níbi ìdúró ọkọ̀ ni, ẹ ní kí òun kí mi, ẹ sì yára kúrò níbẹ̀. Ó ní ojú yín pọ́n.

Mi ò lè sọ pé irọ́ ni ohun tí mo kọ lọ́jọ́sí. Ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́. Ìbalẹ̀ mi ti di mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Tili


Hațeg, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, 2003

Ìyá mi,

Ọ̀gá Fehér tún bi mí bóyá ìwé ti dé. Mo ní ó wà lọ́nà. Ní ọ̀sán, wọ́n wọn Crina fún aṣọ ìdíje. Crina fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ó ní òun ò fẹ́ ẹ báyìí.

Ó ku ọjọ́ méje. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi.

Tili


Brescia, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, 2003

Tili mi,

Kọ́kọ́ ṣí àpòòwé kejì, lẹ́yìn náà kí o padà wá ka èyí.

Ṣé o ti rí i? Òǹtẹ̀ ìjọba wa nìyẹn nísàlẹ̀, àmì ọwọ́ mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní kò sí láburú. Má jẹ́ kí omi kàn án. Mo ti sọ fún Dorel pé bí ó bá pẹ́ dé ju ọjọ́ Àìkú lọ, kó má tún gba Brescia kọjá mọ́ láyé rẹ̀.

Ọjọ́ tí lẹ́tà ìbínú rẹ dé, mo kà á níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta kọjá mi. Gbogbo ohun tí o sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ní oṣù mẹ́fà, ó di ọdún kẹrin. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá rẹ lọ, orúnkún ń dùn ún. Ó fẹ́ sinmi nílé. Èmi ni mo ní kó lọ. Mo di oúnjẹ rẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́, mo ní orúnkún kì í pa ènìyàn. Mama Saveta wà nínú ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Títí di òní kò dá mi lẹ́bi rí, ó kàn ń kí mi dáadáa nínú lẹ́tà ni. Mi ò lè gbé nínú ilé náà mọ́, Tili. Iṣẹ́ ni mo sọ pé mo ń wá lọ sí Ítálì, iṣẹ́ nìkan kọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí láti sọ pé "máa lọ" fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí mo bá ti kọ̀, kò sí ohun tó lè ṣe ọ́.

Òwú rẹ dé lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Mo so ó mọ́ àyà, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Milan lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, nítorí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìsinmi mi. Wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ọ̀sán ni wọ́n ń tì, àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, èmi kì í sì í ráàyè láàárọ̀. Mo bẹ ọmọ ìyá Ornella fún ọjọ́ márùn-ún gbáko kó tó gbà láti wá jókòó ti ìyá rẹ̀ ní àná.

Ìlà àná gùn dé ìta. Àwọn obìnrin wa ló kún ibẹ̀, gbogbo wa là ń tọ́jú arúgbó onílé. Obìnrin kan láti Hunedoara bi mí kí ni mo wá ṣe. Mo ní ọmọ mi fẹ́ lọ ta kìtì ní Zagreb, mo wá fọwọ́ síwèé. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mogoș? Tili Mogoș ti Petrila? Ìwọ ni ìyá ẹ̀, o sì ń tò lẹ́yìn báyìí?" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń tì mí síwájú láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí àpò ọ̀dùnkún. Wọ́n mọ̀ ọ́, Tili. Wọ́n ń wò ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilé àwọn ọ̀gá wọn. Ọ̀kan ní òun gba àwẹ̀ fún ọ nígbà tí o lọ sí ilẹ̀ Faransé, ìyá rẹ ò tiẹ̀ gbà.

Ọ̀gbẹ́ni náà gbé ìwé síwájú mi, ó bi mí bóyá tinútinú ni mo fi gbà. Mo ń rí bàbá rẹ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin Hunedoara yẹn fi igbá àyà gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà. Bí òun ò bá gbà, àwa gbà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo ti fọwọ́ sí i.

Májẹ̀mú mi nìyí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wàá sọ òótọ́ fún mi nípa ẹsẹ̀ yẹn. Wàá dé fìlà. Wàá sì so òwú pupa fún ojú burúkú, mi ò fẹ́ mọ ohun tí òfin ìdíje sọ, fi pamọ́ sábẹ́ báńdéèjì.

Máa lọ, ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́.

Ìyá rẹ


Inú ọkọ̀, ní ojú ọ̀nà láti Zagreb, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún, 2003

Ìyá mi, ìyá olúborí,

Ẹ kú oríire. Ìwé mi ń gbọ̀n nítorí ojú ọ̀nà, ẹ má bínú. Mẹ́dàlì náà wà lọ́rùn mi lábẹ́ aṣọ òtútù. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì tutù títí ara mi fi mú un gbóná.

Ẹ ti rí gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn ibi tí wọn ò lè fi hàn yín.

Àwa mẹ́jọ ló kù lórí pákó lánàá. Èmi ni mo kẹ́yìn. Ọmọ Ukraine kan ṣubú níwájú mi, ìró rẹ̀ lórí tìmùtìmù dé inú egungun mi. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Rọ́ṣíà kan lọ, kò ṣe àṣìṣe kankan, wọ́n fún un ní máàkì tó lé ní mẹ́sàn-án dáadáa nínú mẹ́wàá. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde fún un. Mo ń pa ẹfun sọ́wọ́ nígbà náà, Ọ̀gá Fehér ń wo ẹsẹ̀ mi. Etí òwú pupa yín ti yọ jáde lábẹ́ báńdéèjì, adájọ́ kan sì ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ìyá, Ọ̀gá Fehér, tó dàgbà tó bàbá àgbà, kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yẹ báńdéèjì mi wò, ó fi eyín gé òwú náà. Nígbà tó dìde, òwú wà ní ètè rẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó ṣeun. Gun orí pákó."

Ẹ̀rín ṣì wà nínú mi nígbà tí mo gun orí rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ló gbà mí. Ara mi fúyẹ́. Ibi tí mo ti máa ń fò yí po, apá mi ọ̀tún mì díẹ̀, ẹ máa ti rí i, àmọ́ mo yára kó ara mi jọ. Lẹ́yìn náà ó ku ìbalẹ̀. Mo dúró ní ìdí pákó, mo mí sínú. Mo sáré, mo fò, mo yí lẹ́ẹ̀kan, mo yí lẹ́ẹ̀kejì, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀ lórí tìmùtìmù. Mi ò sún. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ò sún. Mo na ọwọ́ sókè, mi ò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Nígbà tí máàkì jáde, mo kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú nítorí ẹ̀rù. Mo fi díẹ̀ ju ọmọ Rọ́ṣíà yẹn lọ. Ọ̀gá Fehér gbé mi sókè bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo lékè gbogbo Yúróòpù, ìyá mi. Nígbà tí orin orílẹ̀-èdè wa ń dún, inú kámẹ́rà ni mo ń wò, ẹ̀yin ni mo ń wò níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi kò wú. Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá, kí ẹ sọ bí ìbalẹ̀ náà ti rí lójú yín. Tiyín nìkan ni mo fẹ́ gbọ́.

Tili yín


Petrila, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 2003

Ìyá mi,

Mo wà nílé, nínú ilé ìdáná Mama Saveta. Ó ń fi ewé kábéèjì di ẹran sarmale lẹ́yìn mi, ó ní Ọ̀gá Fehér kò sí níbí, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ mẹ́wàá. Mo ti jẹ méje. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ nípa orúnkún bàbá. Ó ní òun náà rí i pé orúnkún ń dùn ún, òun náà ò sì ní kó dúró. Ó ní kí n kọ ọ́ sí yín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ibùdókọ̀ ojú irin kún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹgbẹ́ onífèrè àwọn awa-èédú wá pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn àti fìlà abìyẹ́, wọ́n ń fọn fèrè títí àwọn ẹyẹlé òrùlé fi sá. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti iṣẹ́ àárọ̀ kò tiẹ̀ dúró wẹ̀. Wọ́n gbé mi sí èjìká pẹ̀lú ojú dúdú wọn, aṣọ mi funfun di dúdú. Ọ̀kan lára àwọn tó bá bàbá ṣiṣẹ́ ń na ọwọ́ sí mẹ́dàlì náà, ó ń fà á padà kó má baà fi èédú kàn án. Mo bọ́ ọ, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ìgbà náà ni gbogbo wọn wá sunkún.

Bọ̀ọ̀dá Dorel dé láàárọ̀ yìí. Kò tún gbé lẹ́tà wá. Ṣé ẹ ò rí mi ni? Ṣé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò dára lójú yín?

Tili


Brescia, ọgbọ̀njọ́ oṣù Karùn-ún, 2003

Olúborí Yúróòpù, ọmọ Veturia,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo kí Mama Saveta. Sọ fún un pé mo ka ohun tó ní kí o kọ. Màá bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi.

O ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe rí ìbalẹ̀ rẹ. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń wá bí màá ṣe sọ ọ́. Mi ò rí ìbalẹ̀ náà, Tili.

Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti ọ̀sán, ìyá Ornella wà nínú àga rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dárúkọ rẹ báyìí, ojú mi kọ̀. Mo dìde, mo lọ kó sẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ní kí ìyá Ornella máa sọ fún mi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà lórí rédíò: ó ti gun un, ó ṣì wà lórí rẹ̀, ó yí, ó ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ó ní, "Ó ti ṣubú, Veturia. Ó mà ṣe o."

Mo jáde sí bálíkónì. Mo di irin ibẹ̀ mú, mo ń sọ pé ẹnu mi náà tún rèé, èmi ni mo tún ní kó máa lọ. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ orin wa. Mo rò pé inú orí mi ló ti ń dún, nítorí ta ni yóò kọ orin Ròmáníà ní òpópónà yìí? Mo sáré wọlé, ìwọ lo dúró ní òkè pátápátá, wọ́n ń fa àsíá wa sókè, ẹnu rẹ ń mì. Mo ké. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìsàlẹ̀ gun òkè wá, wọ́n rò pé ìyá Ornella ti kú. Ìyá Ornella, tí ó ti fi ọmọ Ukraine yẹn pè ọ́ nígbà tí wọ́n tún fi ìṣubú rẹ̀ hàn, ní òun ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwọ lo máa borí. A ṣí wáìnì. Ará ìsàlẹ̀ bá mi jó nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù mi nídìí.

Wọ́n tún fi hàn ní ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé o borí, mo ti jó, mo ti mu, síbẹ̀ bí o ṣe dé ìdí pákó báyìí, mo tún di ojú. Ìdí tí mi ò fi lè kọ̀wé nìyẹn. Ojú tì mí. Mo fọwọ́ síwèé pé mo gbà, ojú mi ni kò tíì gbà.

Mo ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ ìyá Ornella. Dorel ti fi ìjókòó iwájú pa mọ́ fún mi, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹfà ni màá dé ọ̀dọ̀ yín. Mi ò wá mú ọ lọ. Mi ò wá bá olùkọ́ rẹ jà, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ fèrèsé méjèèjì yẹn. Sọ fún un kó gbé àga kan fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìmùtìmù, níbi tí o ti máa ń balẹ̀ gan-an, kó sì ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kí n má baà ríbi sá gbà.

Lẹ́yìn náà kí o gun orí pákó. Màá la ojú mi.

Ìyá rẹ